Bọ́ńpà fáíbà fún ọkọ̀ spọ́ọ̀tì: Oníṣẹ́ tí kò bá ṣírò owó móòdù, gbèsè ló ń jẹ

Nǹkan kan wà tó máa ń ṣẹlẹ̀ léraléra sáwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ á wà, oníbàárà á máa wọlé, gbogbo àdúgbò á máa sọ pé ọwọ́ ọ̀gá yìí dáa, ṣùgbọ́n tí oṣù bá parí, owó tí wọn yóò fi ra ohun èlò tuntun kò ní í sí nílẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ á sì máa wojú ọ̀gá. Kò sí ọwọ́ ayé kankan nídìí ẹ̀, ìṣirò ló kù díẹ̀ káàtó. Iṣẹ́ bọ́ńpà fáíbà wà lára iṣẹ́ tí irú ẹ̀ ti máa ń tètè ṣẹlẹ̀, nítorí pé ohun tó ń gba owó jù nínú iṣẹ́ náà kì í bá oníbàárà lọ sílé. Móòdù ni, ṣọ́ọ̀bù ló sì máa ń kù sí.

Láti Maryland tó wà lórí Ikorodu Road, téèyàn bá gba Mobolaji Bank Anthony Way lọ sí Ìkẹjà, tó dé Oba Akran tí ilé iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí, kó tó wá já sí Agége, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ti páńẹ́lì-bítà àti tàwọn tó ń fín ọkọ̀ lọ́dà kò wọ́n. Ojota tí wọ́n ti ń ta kẹ́míkà kò jìnnà sí Maryland, bẹ́ẹ̀ ni Ládípọ̀, ọjà páàtì ọkọ̀ tó wà ní Mushin, kò jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ fáíbà ládùúgbò yìí, ohun èlò, oníbàárà àti ẹni tó máa fín ọ̀dà sí i wà nítòsí ẹ̀. Ohun tó kù ni pé kó mọ iṣẹ́ náà dunjú, kó sì mọ iye tó yẹ kó gbà lórí ẹ̀.

IRÚ ỌKỌ̀ TÍ OWÓ WÀ NÍDÌÍ Ẹ̀

Bọ́ńpà Toyota Corolla tàbí Camry kò yẹ lóhun tí oníṣẹ́ fáíbà ń bá ọjà du. Tòkunbọ̀ ẹ̀ kún Ládípọ̀ fọ́fọ́, tuntun ẹ̀ tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè náà sì wà. Ike tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n sì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, oníṣẹ́ ọwọ́ kò lè bá wọn du iye owó.

Ọ̀tọ̀ ni ti ọkọ̀ spọ́ọ̀tì. Àwọn bíi Nissan 350Z, Toyota Celica, Mazda RX-8 tàbí Mercedes SLK kò pọ̀ lójú títì wa. Tí bọ́ńpà ọ̀kan nínú wọn bá fọ́, ẹni tó ni ín lè wá gbogbo Ládípọ̀ kó má rí i. Tó bá ní kí wọ́n bá òun fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà tàbí Dubai, owó ọkọ̀ òfuurufú á ga ju owó bọ́ńpà lọ, nítorí pé bọ́ńpà kò wúwo, àmọ́ ó ń gba àyè, àyè yẹn làwọn tó ń kó ẹrù sì ń gba owó lé lórí. Àwọn mìíràn tún wà tí bọ́ńpà wọn kò fọ́ rárá, ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ wọn yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé. Àwọn méjèèjì yìí ni oníbàárà fáíbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù January ọdún 1953, ilé iṣẹ́ General Motors gbé ọkọ̀ Chevrolet Corvette jáde fáwọn èèyàn láti wò ní òtẹ́ẹ̀lì Waldorf-Astoria ní New York. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe ara ẹ̀. Nígbà tí oṣù June ọdún náà ń parí lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní ìlú Flint, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ẹyọ 300 péré ni wọ́n ṣe lọ́dún yẹn, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀. Ká ní irin ni wọ́n fẹ́ lò, wọ́n máa nílò ẹ̀rọ ìtẹrin ńlá àti móòdù irin olówó gọbọi, owó bẹ́ẹ̀ kò sì lè tètè padà sápò ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ 300. Ní ọdún 1957, ilé iṣẹ́ Lotus nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gbé ọkọ̀ Elite jáde, fáíbà ni wọ́n fi ṣe ara àti egungun ẹ̀ papọ̀.

Nílé níbí náà, ìlú Jos ni Jerry Mallo ti ṣe ọkọ̀ spọ́ọ̀tì tó pè ní Bennie Purrie, tí ìròyìn ẹ̀ gbòde ní nǹkan bí ọdún 2019. Carbon fibre ló fi ṣe ara ẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ni òun àti fáíbà, okùn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi résìn so pọ̀ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n carbon wọ́n ju fáíbà lọ fíìfíì.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún oníṣòwò kékeré ni pé níbi tí iye ọjà bá ti kéré, fáíbà ló ń jàre. Níbi tó bá ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ike ilé iṣẹ́ ló ń jàre. Oníṣẹ́ tó bá mọ ààlà yìí kò ní í fi àkókò ẹ̀ ṣòfò.

MÓÒDÙ LÓ MÁA Ń ṢÁÁJÚ

Bọ́ńpà tó dáa, inú móòdù tó dáa ló ti ń jáde. Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń gbà rí ohun tí wọn yóò fi ṣe móòdù. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n lo bọ́ńpà tó wà lára ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Bó bá fọ́, wọn yóò so ó pọ̀, wọn yóò fi fílà dí gbogbo ojú ibi tó là, wọn yóò sì fi sáńpépà fá a títí yóò fi dán. Ìkejì ni pé kí wọ́n gbẹ́ bọ́ńpà tuntun látinú fóòmù àti pákó pẹlẹbẹ, kí wọ́n sì fi fílà parí ẹ̀.

Fóòmù yìí ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Fóòmù funfun tí wọ́n ń fi di tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì nínú páálí, kó gbọdọ̀ fara kan résìn pọlísítà tí wọ́n ń tà káàkiri. Bí résìn náà bá ṣe kàn án ni yóò máa yọ́ bí ìyọ̀ tó bọ́ sómi, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta á sì di òfo láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Polyurethane ni irú fóòmù tó lè gba résìn sára láìyọ́.

Lẹ́yìn gbígbẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e sára ọkọ̀ kí wọ́n tó ṣe móòdù. Ibi tí bọ́ńpà ti pàdé fẹ́ńdà, ibi tó ti kan iná iwájú àti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ojú oníbàárà máa kọ́kọ́ lọ. Bí àlàfo bá wọ́ síbẹ̀, gbogbo bọ́ńpà tó bá tinú móòdù náà jáde ló máa ní àlàfo kan náà. Àṣìṣe ara bọ́ńpà kan, ẹnì kan ló ń bí nínú, ṣùgbọ́n àṣìṣe inú móòdù á máa bímọ ni.

Bọ́ńpà máa ń kọrí wọlé lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Tí wọ́n bá ṣe móòdù ní odindi, bọ́ńpà lè há sínú ẹ̀ kó má jáde mọ́. Nítorí èyí, móòdù oníwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe, wọn yóò yọ etí sí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, wọn yóò sì fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè wọ́n pọ̀.

Kí gelcoat tó kan ohun tí wọ́n gbẹ́, wáàsì ìyọ-móòdù ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi pa á. Fún ohun tí wọ́n ń lò fúngbà àkọ́kọ́, bíi ìgbà márùn-ún sí mẹ́fà ni wọ́n ń pa á, wọn yóò máa jẹ́ kó gbẹ, wọn yóò sì máa nù ún kó dán kí wọ́n tó pa òmíràn lé e. Àwọn mìíràn tún máa ń fi PVA tó ń gbẹ bí awọ tínrín lé e lórí. Ẹni tó bá fi ẹyọ wáàsì kan náwó kù, òun náà ló máa fi àáké àti òòlù yọ móòdù ẹ̀.

Gelcoat ló kàn. Òun ni ojú móòdù, nípọn bíi ìdajì mìlímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Kí wọ́n tó gbé máàtì lé e, wọn yóò fi ìka kàn án. Bó bá lẹ̀ mọ́ ìka, ṣùgbọ́n tí àwọ̀ ẹ̀ kò bá ìka lọ, ó ti tó. Máàtì tó fẹ́lẹ́, èyí tó wọ̀n gíráàmù 300 ní mítà onígun mẹ́rin kan, ló máa ń kọ́kọ́ lọ, torí pé ó máa ń tẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni gíráàmù 450. Wọn kì í kó gbogbo ẹ̀ lé ara wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Résìn máa ń gbóná bó bá ń le, bí ó bá nípọn jù lẹ́ẹ̀kan, ooru ẹ̀ á mú kí móòdù náà sún kì, á sì wọ́. Ìpele méjì lọ́jọ́ kan, méjì lọ́jọ́ kejì, ó tó bẹ́ẹ̀. Móòdù yẹ kó nípọn tó ìlọ́po méjì bọ́ńpà tó máa jáde nínú ẹ̀.

Kí wọ́n tó yọ ọ́, wọn yóò fi pákó tàbí páìpù irin ṣe egungun sí ẹ̀yìn ẹ̀. Móòdù tí kò ní egungun máa ń yí padà bí wọ́n bá gbé e kọ́ ògiri, bọ́ńpà tó bá jáde nínú ẹ̀ kò sì ní í bá ojú ọkọ̀ mu mọ́. Bí àyè bá wà, ọ̀sẹ̀ kan ló dáa kí wọ́n jẹ́ kó fi gbẹ kó tó kúrò lára ohun tí wọ́n gbẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÌWỌ̀N RÉSÌN ÀTI KÁTÁLÍÌSÌ

Bí móòdù bá ti jáde, ṣíṣe bọ́ńpà fúnra ẹ̀ kò le mọ́. Wáàsì, gelcoat, máàtì gíráàmù 300 kan, gíráàmù 450 méjì, ó tó fún bọ́ńpà tó nípọn bíi mìlímítà 3. Ibi tí wọ́n máa fi bóòtù dè mọ́ ara ọkọ̀, wọ́n lè fi ìpele kan tàbí méjì kún un níbẹ̀, tàbí kí wọ́n tẹ irin pẹlẹbẹ sáàárín máàtì.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń mọ iye ohun èlò tí wọ́n máa rà. Ká sọ pé fífẹ̀ bọ́ńpà náà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin kan àti ààbọ̀, ìyẹn 1.5. Máàtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ gíráàmù 300, 450 àti 450, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 1,200. Tí wọ́n bá fi 1.5 ṣe ìlọ́po ẹ̀, gíráàmù 1,800 ló jẹ́, ìyẹn kílò 1.8. Máàtì tí ọwọ́ ń tẹ̀ máa ń mu résìn tó ìlọ́po méjì sí méjì àti ààbọ̀ ìwọ̀n ara ẹ̀. Tí wọ́n bá lo méjì àti ààbọ̀, résìn náà jẹ́ kílò 4.5. Gelcoat gba nǹkan bíi gíráàmù 600 fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ gíráàmù 900. Àpapọ̀ gbogbo ẹ̀ jẹ́ kílò 7.2. Wọ́n ní láti fi díẹ̀ kún máàtì, nítorí èyí tí wọ́n máa gé dànù létí.

Oníṣẹ́ tí kò ní ìwọ̀n kì í mọ ìgbà tí owó ń sọnù. Bí bọ́ńpà tó yẹ kó wọ̀n kílò 7 bá ń wọ̀n 10, résìn kílò 3 tí kò sanwó fún ló wà nínú ẹ̀. Résìn tó bá pọ̀ ju máàtì lọ kì í mú bọ́ńpà lágbára, ó máa ń mú kó tètè là ni.

Kátálíìsì, ìyẹn MEKP, ló ń mú kí résìn le. Ìdá 1 sí 2 nínú 100 ni wọ́n ń lò. Fún résìn gíráàmù 500, gíráàmù 5 ni ìdá 1. Nínú oòrùn Èkó, ìsàlẹ̀ ìwọ̀n yẹn ló dáa ní ọ̀sán gangan, wọ́n lè fi díẹ̀ kún un nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìdérí ìgò bù. Sírínjì tàbí ìwọ̀n kékeré onínọ́ńbà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò kò wọ́n tó bọ́ńpà kan tó bàjẹ́. Díẹ̀díẹ̀ sì ni kí wọ́n máa po ó, torí bó bá ti le nínú ike, kò sóhun tí wọ́n tún lè fi ṣe.

Ìgbà òjò náà ní tirẹ̀. Láti April títí di July, àti ní September sí October, ọ̀rinrin máa ń wà nínú afẹ́fẹ́ Èkó. Máàtì tó bá gba ọ̀rinrin kì í mu résìn bó ṣe yẹ, gelcoat tó bá rí omi á máa sú roro. Máàtì gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rá, kó jìnnà sílẹ̀, iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òrùlé.

OHUN TÓ YẸ KÍ OŃIBÀÁRÀ GBỌ́ KÓ TÓ SANWÓ

Oníṣẹ́ tó bá fẹ́ kí orúkọ òun pẹ́ kò gbọ́dọ̀ purọ́ fún oníbàárà. Bọ́ńpà ike tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ máa ń tẹ̀, ó sì máa ń padà sípò. Fáíbà kì í tẹ̀ bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń là. Bọ́ńpà tó bá lọ sílẹ̀ jù, kòtò ojú títì àti gegele ẹnu géètì àwọn èsíteètì ló máa fọ́ ọ. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé fáíbà tó là ṣeé tún ṣe dáadáa, wọ́n á fá ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n á fi máàtì àti résìn lé e. Oníṣẹ́ tó bá sọ èyí fún oníbàárà ṣáájú, iṣẹ́ àtúnṣe náà á padà wá bá a.

Ohun kejì ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ. Lẹ́yìn bọ́ńpà tí ojú ń rí, irin tàbí álúmíníọ́ọ̀mù kan wà tó dábùú ọkọ̀, fóòmù tó le sì máa ń wà níwájú ẹ̀. Àwọn ló ń gba agbára ìkọlù nígbà tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Àwọn oníbàárà kan á ní kí wọ́n gé irin náà dànù kí bọ́ńpà tuntun lè wọlé. Kò yẹ kí oníṣẹ́ kankan gbà. Bí bọ́ńpà kò bá wọlé, àwòrán bọ́ńpà ni kí wọ́n tún ṣe. Owó iṣẹ́ kan kò tó ẹ̀mí èèyàn.

Ohun kẹta ni afẹ́fẹ́. Rediétọ̀ ń mí láti ojú ihò tó wà lára bọ́ńpà. Tí oníṣẹ́ bá dí ihò náà nítorí kó lè rẹwà, ọkọ̀ á máa gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Ikorodu Road, oníbàárà á sì padà wá pẹ̀lú ìbínú àti owó mẹkáníìkì. Bákan náà ni kí àyè nọ́ńbà ọkọ̀, iná àti ibi tí wọ́n ń so okùn mọ́ láti fa ọkọ̀ má ṣe sọnù.

ẸNI TÓ BÁ WÀ LÁAYÈ LÓ Ń NÁ ÈRÈ

Ewu iṣẹ́ yìí kò hàn sójú, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ fi ń fi ọwọ́ lásán ṣe é. Òórùn líle tó ń tinú résìn jáde, styrene ni. Ní ọdún 2018, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú kò lè dá a dúró. Ìbomú tó ní àgolò àlẹ̀mọ́ fún òórùn kẹ́míkà ló wà fún un, pẹ̀lú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tó sì ń jáde. Eruku fáíbà nígbà tí wọ́n bá ń gé e tàbí tí wọ́n bá ń fá a náà nílò ìbomú, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ tó bo apá.

Kátálíìsì lè fọ́ ojú. Bí ó bá ta sí ojú, omi tó mọ́ ni kí wọ́n fi ṣàn án lójú ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí wọ́n sì gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn láìfi falẹ̀. Awò ojú fún ọmọ iṣẹ́ kò wọ́n.

Èyí tó lè jó ṣọ́ọ̀bù ni kóbọ́ọ̀tì, ohun tó máa ń mú résìn yára. Kóbọ́ọ̀tì àti kátálíìsì kò gbọdọ̀ pàdé ní tààrà láéláé, wọ́n lè gbaná tàbí kí wọ́n bú gbàmù. Wọn yóò kọ́kọ́ po kóbọ́ọ̀tì mọ́ résìn dáadáa, lẹ́yìn náà ni kátálíìsì yóò tó wọ̀ ọ́. Àwọn résìn kan ti ní kóbọ́ọ̀tì nínú tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Kí wọ́n tọ́jú wọn sí igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí sìgá, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ wẹ́dà jìnnà sí wọn. Résìn tó ṣẹ́ kù nínú ike lẹ́yìn tí wọ́n ti fi kátálíìsì sí i máa ń gbóná débi tó lè máa rú èéfín, kí wọ́n má ṣe jù ú sínú ìdọ̀tí tàbí gọ́tà, kí wọ́n gbé e síta gbangba títí yóò fi tutù.

IYE TÓ YẸ KÍ WỌ́N GBÀ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń jẹ gbèsè. Àpẹẹrẹ làwọn owó tó wà nísàlẹ̀ yìí, kí oníkálùkù fi iye tó bá lọ́jà rọ́pò wọn.

Ká sọ pé ohun èlò móòdù kan jẹ́ N180,000, owó àwọn tó ṣe é sì jẹ́ N60,000. Móòdù náà ti jẹ́ N240,000 kí bọ́ńpà kankan tó jáde.

Fún bọ́ńpà kan, ohun èlò jẹ́ N60,000, owó iṣẹ́ N25,000, owó ṣọ́ọ̀bù, epo jẹnẹrétọ̀, ìbọ̀wọ́ àti sáńpépà N15,000. Àpapọ̀ jẹ́ N100,000. Nínú iṣẹ́ ọwọ́, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá jáde ló máa ń dáa, nítorí náà wọn yóò fi ìdá 10 nínú 100 kún un fún èyí tó bá bàjẹ́, ìyẹn N10,000. Ó di N110,000.

Bí ó bá dá oníṣẹ́ náà lójú pé bọ́ńpà 8 lòun máa tà látinú móòdù yẹn, ìpín móòdù lórí bọ́ńpà kọ̀ọ̀kan jẹ́ N240,000 tí wọ́n pín sọ́nà 8, ìyẹn N30,000. Ohun tí bọ́ńpà kan ná an gan-an jẹ́ N140,000. Tó bá fi ìdá 25 nínú 100 lé e bí èrè, ìyẹn N35,000, iye tó yẹ kó gbà jẹ́ N175,000, láìtíì ka owó ọ̀dà.

Ẹ wá wo ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe. Oníṣẹ́ á sọ pé ohun èlò òun jẹ́ N60,000, ọwọ́ òun N25,000, kóun jẹ èrè N25,000. Á gba N110,000, inú ẹ̀ á sì dùn. Kò mọ̀ pé N30,000 lòun ń fi ta oníbàárà lọ́rẹ lórí bọ́ńpà kọ̀ọ̀kan. Tó bá ta 8, ó ti sọ N240,000 nù, ìyẹn gbogbo owó móòdù ẹ̀ pátápátá. Bí móòdù mìíràn bá ti wọlé, kò ní í rówó ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù tó kún fún iṣẹ́ fi ń tì pa.

Bó bá wá jẹ́ ẹyọ bọ́ńpà kan ṣoṣo loníbàárà fẹ́, tí kò sì sẹ́ni mìíràn tó ní irú ọkọ̀ yẹn, gbogbo owó móòdù orí ẹ̀ ló wà. N110,000 àti N240,000 jẹ́ N350,000. Èrè ìdá 25 lórí ẹ̀ jẹ́ N87,500, iye tó máa san sì jẹ́ N437,500. Bí owó náà bá ga jù fún un, ọ̀nà mìíràn wà. Wọ́n lè fi polyurethane gbẹ́ bọ́ńpà náà, kí wọ́n gbé máàtì lé e lórí láìṣe móòdù, kí wọ́n sì fi fílà parí ẹ̀. Ohun èlò á dín kù, ṣùgbọ́n fífá ẹ̀ á gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, òmíràn kò sì ní í jáde nínú ẹ̀ mọ́. Kí oníṣẹ́ ka ọjọ́ wọ̀nyẹn mọ́ owó.

Ohun kan tún wà. Láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ résìn àti máàtì ti ń wá, láti June 2023 tí ìjọba sì ti jẹ́ kí ọjà máa sọ iye tí náírà jẹ́ sí dọ́là, owó ohun èlò lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kí oníṣẹ́ máa kọ ọ́ sínú ìwé iye pé ọjọ́ 7 péré ni iye náà fi dúró. Kí ó sì gba owó ohun èlò àti ti móòdù sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ya ìwọ̀n ara ọkọ̀ tán, kí oníbàárà máa gbé ọkọ̀ ẹ̀ lọ, torí pé ọkọ̀ tó bá sùn ní ṣọ́ọ̀bù, wàhálà ẹ̀ náà sùn síbẹ̀ ni.

TA LÓ NI MÓÒDÙ?

Ìbéèrè yìí ti da ọ̀gá àti oníbàárà rú. Oníbàárà tó ti san owó ńlá lè dé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, kó ní: “Ọ̀gá, ẹ bá mi di móòdù yẹn náà pọ̀, èmi ni mo sanwó ẹ̀.” Ọ̀gá á fèsì pé: “Ẹ má bínú, sà, bọ́ńpà lẹ san owó ẹ̀, móòdù kò sí nínú ẹ̀.” Àwọn méjèèjì lè jàre lójú ara wọn, nítorí pé kò sí ìwé. Ọ̀nà méjì ló wà láti yanjú ẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí oníbàárà bá san gbogbo owó móòdù, òun ló ni ín, oníṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ fi ṣe bọ́ńpà fún ẹlòmíràn. Bí oníṣẹ́ bá bá a dín owó náà kù, móòdù di ti ṣọ́ọ̀bù. Èyíkéyìí tí wọ́n bá fẹnu kò lé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Òfin náà dá sí i. Lábẹ́ Òfin Patents and Designs tó ti wà láti ọdún 1970, ẹni tó bá ya àwòrán ọjà tuntun lè forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Abuja. Ọdún 5 ni ààbò náà, wọ́n sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì, ọdún 5 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Àwòrán náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, nítorí náà kí oníṣẹ́ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò kó tó máa gbé e káàkiri. Bákan náà, kò gbọdọ̀ tẹ àmì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kankan sára bọ́ńpà tóun fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, ohun ẹlòmíràn ni àmì yẹn.

OHUN TÓ Ń SAN OWÓ ṢỌ́Ọ̀BÙ

Oníbàárà ọkọ̀ spọ́ọ̀tì kì í wọlé lójoojúmọ́. Bọ́ńpà wọn máa ń fún ṣọ́ọ̀bù lórúkọ, ṣùgbọ́n owó ilé kì í dúró de orúkọ. Résìn, máàtì àti rólà kan náà ni wọ́n ń lò fún àpótí tí àwọn tó ń fi ọ̀kadà jíṣẹ́ ń gbé sẹ́yìn, fún ọkọ̀ ojú omi, fún táǹkì omi àti fún àtúnṣe bọ́ńpà tó là. Móòdù àpótí kan lè bí ọgọ́rùn-ún àpótí, ìpín móòdù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì kéré gan-an. Tí wọ́n bá fi N240,000 yẹn kan náà ṣe móòdù tó bí 100, N2,400 péré ni ìpín ẹ̀ lórí ẹyọ kan.

Nítorí náà, kí oníṣẹ́ fáíbà tó wà ní Maryland, Agége tàbí ibòmíràn mú ìwé kékeré kan, kó kọ orúkọ móòdù kọ̀ọ̀kan tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ síbẹ̀, iye tó ná an, iye ọjà tó ti tinú ẹ̀ jáde, àti iye tó kù kí owó ẹ̀ tó pé. Móòdù tí kò tíì san owó ara ẹ̀, gbèsè ló gbé kọ́ ògiri. Ẹni tó bá mọ iye gbèsè tó wà lára ògiri ẹ̀ ló máa mọ iye tó yẹ kó pe oníbàárà tó ń bọ̀ lọ́la.